Àlàárì àti Iyùn: Ìtàn Àwọ̀ Pupa ní Ìlọrin

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ní ìlú Santa Fe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ṣe ohun kan tí ó yẹ kí àwa ará Ìlọrin fi etí sí. Orúkọ ilé náà ni Museum of International Folk Art, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè gbogbo ni a sì ń kó jọ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ìlú kan, tàbí oníṣọ̀nà kan, tàbí ìgbà ọba kan ni a sábà máa ń pàtẹ ohun rẹ̀. Ní ti ọdún yìí, àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n pè jọ, èyíinì ni pupa. Bí a bá túmọ̀ orúkọ tí wọ́n fún ìpàtẹ náà sí èdè wa, yóò di Àwọ̀ Pupa tí ó Kun Ayé. Aṣọ wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ilé pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ó wà ní ìpàtẹ títí di oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó o lọ sí California.

Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni kòkòrò kékeré kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní cochineal. Ara orọ́ ẹlẹ́gùn-ún kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò àti Peru ni ó ń gbé, kò sì tó hóró ìrẹsì. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Mẹ́síkò ti ń sìn ín bí a ti ń sin adìẹ, wọ́n ń gbá a kúrò lára ewé, wọ́n ń sá a sí oòrùn, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ fún aró, kí àwọn ará Spain tó ṣẹ́gun wọn ní 1521. A sọ pé kòkòrò bí 70,000 ni ó ń lọ sí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Àwọn ará Spain fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn ará Yúróòpù ìyókù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń jiyàn pé èso ni, tí àwọn mìíràn sì ń jiyàn pé kòkòrò ni. Ara kòkòrò yìí ni pupa ẹ̀wù àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ti jáde wá, àti ti aṣọ àwọn kádínà ní Róòmù láti bí ọdún 400 sẹ́yìn.

A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti fi yin Santa Fe. Ohun tí ó wù wá nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá kó ohun tí ó ní àwọ̀ kan náà sójú kan, ọ̀nà tí àwọ̀ náà gbà dé yóò hàn. Ẹni tí ó bá wo aṣọ nìkan yóò rí aṣọ. Ẹni tí ó bá béèrè pé níbo ni pupa rẹ̀ ti wá, yóò rí òkun, ọkọ̀, ogun, ọjà àti ọwọ́ àwọn tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí a bá sì béèrè ìbéèrè kan náà ní Ìlọrin, ìlú wa yìí ní ìdáhùn tí ó pọ̀ ju bí àwọn ọmọ wa ti rò lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ yanjú láàrin ara wa. Nínú kíláàsì, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé pupa ti Gẹ̀ẹ́sì ni pupa tiwa, a ó sì kọjá lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Funfun, dúdú àti pupa ni baba àwọ̀ ní èdè wa, olúkúlùkù wọn sì ní ọmọ púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀. A ń pe àárín ẹyin ní pupa ẹyin, Gẹ̀ẹ́sì kan kò sì ní pè é bẹ́ẹ̀ láé. Epo pupa ni, ọmọ tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ pupa ni, idẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dán pupa ni. Ọ̀sán a máa pọ́n, èso a máa pọ́n, irin a máa pọ́n nínú iná, ojú a sì máa pọ́n ẹni tí ìyà ń jẹ. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ìwọ̀nyí, pípọ́n jẹ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan: oòrùn, iná, àkókò tàbí ìṣòro ni ó mú un dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó pàtẹ ohun pupa ní Santa Fe, idẹ ì bá wà níbẹ̀, wúrà ì bá wà níbẹ̀, ẹyin adìẹ pàápàá ì bá sì rí àyè jókòó. Nínú ìwé yìí, a ó fi ara wa mọ sí pupa tí ó pọ́n gidigidi, èyí tí a ń fi wé ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó nígbà náà pé a fún wa ní ilé ńlá kan ní Ìlọrin, lẹ́bàá Ọjà Ọba, kí a sì kó ohun pupa ìlú yìí sínú rẹ̀. Kí ni a ó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀?

Osùn kò ní pẹ́ lọ́wọ́ wa. Igi inú igbó ni, gúúsù ni ó ti ń wá sí ọ̀dàn tiwa yìí, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti rí ìyàwó tuntun tàbí ọmọ titun ní ayé àtijọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Poroporo ọkà bàbà pẹ̀lú yóò ní igun tirẹ̀, nítorí òun ni a fi ń pa awọ ewúrẹ́ láró pupa ní ilẹ̀ Hausa. Àsọlé díẹ̀ wà lórí awọ yìí tí a kò lè ṣàìsọ. Àwọn oníṣòwò a máa fi ràkúnmí kó o la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Mòrókò àti Tripoli, láti ibẹ̀ ni ó sì ń wọ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe èèpo ìwé olówó iyebíye. Awọ Mòrókò ni wọ́n ń pè é. Kano àti Sokoto tí wọ́n pa á láró kò sí nínú orúkọ náà rárá, nítorí ẹnu ọ̀nà tí ọjà gbà wọlé ni ẹni tí ó rà á rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Ìlọrin.

Yàrá tí ó tóbi jù ni a ó fi fún ìlẹ̀kẹ̀.

Iyùn ni orúkọ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, a sì ń fi orúkọ kan náà pe ohun méjì: èkíní ni èyí tí ó ti inú òkun wá, èkejì ni òkúta pupa tí a gbẹ́, tí a lu ihò sí, tí a sì dán. Òkúta pupa yìí ni iṣẹ́ Ìlọrin. Lántànà ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Àwọn tí ó mú iṣẹ́ náà wá jẹ́ ará Ọ̀yọ́ Ilé, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí. Ẹ rántí bí nǹkan ti rí ní àkókò náà. Àfọ̀njá, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ya ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ Aláàfin ní bí ọdún 1817, ó sì pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, pé kí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ náà ni ó yọrí sí ikú rẹ̀ ní bí ọdún 1824, tí ìjọba ìlú fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ Àlímì. Ní bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Nígbà tí ìlú ńlá bá tú, àwọn jagunjagun ni ìtàn máa ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ náà ń sá lọ pẹ̀lú òòlù àti irin rẹ̀ nínú àpò. Ìlú tí ó dá Ọ̀yọ́ lóró náà ni ó wá di ibi ìsádi fún iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́.

Òkúta náà kò sí lábẹ́ ilẹ̀ Ìlọrin. Àwọn oníṣòwò ni ó ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá dé, a ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a ó fi òòlù kékeré ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ ìrísí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ó le jù, ihò lílu. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n a máa lù ú jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́ láti ìdí kan dé àárín, wọ́n a yí òkúta padà, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kejì títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, òkúta a là sí méjì, iṣẹ́ ọjọ́ náà a sì ṣòfò. Èyí tí ó bá là á já ni a ó fi omi yùn lórí òkúta ìlọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi kúná, a ó sì dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń rò pé àwọn baba wa kò mọ sùúrù, kí ó gbìyànjú láti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí òkúta tí ó le ju irin náà lọ.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń ti Ìlọrin jáde lọ sí ilẹ̀ Yorùbá káàkiri, ó sì ń lọ títí dé Bìní. Ó wà ní ọrùn ọba àti ìjòyè, ó wà ní ọwọ́ ìyàwó olówó. Ọba àti ìjòyè tí ó wọ̀ ọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń bá ẹṣin Ìlọrin jà ní ọjọ́ kan, tí ó sì ń ra ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin ní ọjọ́ kejì. Ìtàn ogun tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé kì í sọ èyí fún àwọn ọmọ, ó sì yẹ kí ó sọ ọ́.

Ta ni ó pa iṣẹ́ náà? Kì í ṣe ogun. Ní ilẹ̀ Jámánì, ìlú méjì kan wà tí ó sún mọ́ ara wọn, Idar àti Oberstein, níbi tí a ti ń gbẹ́ òkúta dídán fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí odò sì ń yí ọlọ fún wọn. Nígbà tí òkúta ilẹ̀ wọn ń tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó o wá láti ilẹ̀ Bràsíl. Wọ́n ti mọ ọgbọ́n pé a lè fi òkúta aláwọ̀ eérú sínú omi tí a po irin mọ́, kí a sì fi iná sí i, yóò sì pọ́n. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ fún ọjà Áfíríkà, wọ́n sì ń mú ìrísí tí àwọn ará ìhín fẹ́ràn. Ní ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú, ní Cambay, a ti ń fi iná mú òkúta pọ́n láti ayé àtijọ́. Ọlọ tí odò ń yí àti ọwọ́ ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìlọrin kò lè jọ sáré. Ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè pọ̀, ó sì rọjú. Àwọn ọmọ oníṣẹ́ yíjú sí òwò mìíràn. Ní 1938, J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, kọ ìwé lórí bí a ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ òkúta ní Ìlọrin, ó sì kọ òmíràn lórí aṣọ híhun ìlú náà. Ó tètè dé ni, nítorí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà ti ń lọ sí òpin.

A ń béèrè nísinsìnyí pé níbo ni ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí wà. Ọ̀pọ̀ wà nínú àpótí àwọn ìdílé. Ọ̀pọ̀ sì wà ní Yúróòpù. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Ìlọrin. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn wọ Bìní, wọ́n sì kó ohun ààfin lọ. Ère idẹ ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ pupa pẹ̀lú wà nínú ohun tí wọ́n kó. Bí òkúta pupa kan bá wà lábẹ́ dígí ní òkè òkun tí a sì kọ Bìní sí ìdí rẹ̀, kò sí irọ́ nínú rẹ̀, nítorí láti Bìní ni a ti mú un. Ṣùgbọ́n a rántí awọ Mòrókò. Ẹnu ọ̀nà tí ohun náà gbà jáde ni orúkọ tí ó ń jẹ́. Ẹni tí ó lu ihò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlẹ̀kẹ̀ tí a bá rí ní ọrùn ọba kan lè jẹ́ ti Ìlọrin, ó lè jẹ́ ti Cambay, ó sì lè jẹ́ ti Idar, ojú lásán kò sì sábà tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí irú ènìyàn tí Clarke jẹ́. Ará ilé-ìwé ni. Ìlú Ẹ̀siẹ̀ pẹ̀lú, tí kò jìnnà sí wa, tí ère òkúta rẹ̀ ju 1,000 lọ, H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ìwé ìjọ C.M.S., ni ó mú ìròyìn rẹ̀ dé etí àwọn aláṣẹ ní 1933. Clarke náà kọ̀wé lórí wọn. Ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún àwọn ère náà, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ará Ẹ̀siẹ̀ ti mọ ère wọn tipẹ́tipẹ́ kí alábẹ̀wò kankan tó dé, wọ́n sì ń bọ wọ́n. Ìwé ni kò sí.

Yàrá kẹta ni ti aṣọ, a ó sì dúró pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Yorùbá tí ó mọ iyì aṣọ mọ mẹ́ta tí ó ga ju gbogbo aṣọ òfì lọ: ẹtù, tí aró ti mu títí ó fi sún mọ́ dúdú, sányán, tí a fi òwú kòkòrò inú igbó hun, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ti ilẹ̀ gbígbẹ, àti àlàárì, tí ó pọ́n. Ẹtù, ọwọ́ àwọn aláró wa ni ó ti jáde. Sányán, igbó wa ni. Ṣùgbọ́n àlàárì ti ọ̀nà jíjìn wá, orúkọ rẹ̀ gan-an sì jẹ́ ẹ̀rí sí i. Àwọn Hausa ń pe òwú náà ní alharini, àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ti gbà á sì ń pè é ní al-harir. Ní èdè Lárúbáwá, al-harir kò túmọ̀ sí pupa. Ṣẹ́dà ni ó túmọ̀ sí, ìbá à ṣe funfun, ìbá à ṣe aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ṣẹ́dà tí ó ń la aṣálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa pọ́n, nígbà tí ó sì pẹ́ tí ó ń wá bẹ́ẹ̀, orúkọ ṣẹ́dà di orúkọ àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan la aṣálẹ̀ kọjá, ó sì ti pa ìtumọ̀ dà kí ó tó dé Ìlọrin.

Heinrich Barth, ará Jámánì tí ó ń rin ìrìn-àjò fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kano ní oṣù kejì ọdún 1851. Ó jókòó, ó ka ọjà ìlú náà bí akọ̀wé ilé ìṣúra. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣẹ́dà tí kò kúná, tí a ti pa láró ní Tripoli, ń wọ Kano lọ́dọọdún tó ẹrù ràkúnmí 300 sí 400. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀wọ́ ràkúnmí tí ó gbé àwọ̀ kan lẹ́yìn! Láti etí òkun àríwá, wọ́n a gba Ghadames, wọ́n a gba Ghat, wọ́n a la òkè Aïr kọjá, oṣù lẹ́yìn oṣù ni wọ́n sì fi ń rìn kí wọ́n tó rí odi Kano. Láti Kano, ẹrù a bọ́ sí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti orí alárù, wọ́n a la ilẹ̀ Nupe já, wọ́n a fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kọjá odò Ọya, wọ́n a sì wọ Ìlọrin. Ìlọrin ni ẹnu ọ̀nà. Àríwá ń wọlé, gúúsù ń jáde, ahunṣọ sì jókòó sí àárín wọn.

Ní 1851 tí Barth kọ̀wé yìí, kò tíì sí ẹni tí ó fi ọ̀dà èédú ṣe aró. William Perkin, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù, kò tíì ṣe tirẹ̀ títí di 1856, aró pupa tí wọ́n pè ní magenta kò sì tíì dé títí di 1859. Nítorí náà, pupa tí ó wà lẹ́yìn ràkúnmí wọ̀nyẹn, ara ohun ẹlẹ́mìí tàbí gbòǹgbò ewéko ni ó ti wá. Ọwọ́ kan pa á láró ní Tripoli, ọwọ́ mìíràn dì í, ọwọ́ mìíràn gbé e. Ahunṣọ Ìlọrin kò fi ọwọ́ kan aró náà rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ bí a ti ń fi òwú olówó gọbọi yìí ṣe ohun tí yóò gbayì: èyí tí yóò fi wọ inú òwú funfun ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí yóò fi kún gbogbo aṣọ fún ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀. Lórí òfì àwọn ọkùnrin, aṣọ náà kì í fẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, a ó sì rán an pọ̀ títí yóò fi di agbádá tàbí ìborùn. Àwọn obìnrin Ìlọrin pẹ̀lú ń hun aṣọ lórí òfì gbígbòòrò tí ó dúró mọ́ ògiri ilé. Àwa kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ pé nítorí pé òwú ti òkèèrè wá, aṣọ kì í ṣe tiwa. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní aṣọ òwú kan tí ó lè pè ní tirẹ̀.

Ọ̀nà náà dí díẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé ẹrù dé Èkó pẹ̀lú owó tí kò tó ti ràkúnmí. Ní 1908, ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin, nígbà tí ó sì fi di 1912 ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano. Ní 1911, àwọn ará Ítálì gbógun ti Tripoli. Kí ni ràkúnmí yóò tún gbé? Àríwá tí ó ti ń rán pupa sí wa láti ìgbà ìwásẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí gba tirẹ̀ láti Èkó. Ohun tí ó wá nípasẹ̀ òkun jẹ́ òwú tí a fi aró ọ̀dà èédú pa, nígbà tí ó yá ó sì di òwú tí a fi igi lílọ̀ ṣe ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí kòkòrò ṣẹ́dà kan kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà náà tó dí, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sínú ìwé kan tí gbogbo wa ń kà. A parí ìtẹ̀jáde odindi Bíbélì Yorùbá ní 1884. Nínú orí kìíní Aísáyà, níbi tí wòlíì ti fi ẹ̀ṣẹ̀ wé aṣọ tí ó pọ́n, orúkọ aṣọ méjì ni àwọn olùtumọ̀ ní láti wá. Èkíní, wọ́n pè é ní òdòdó, orúkọ tí àwọn ará Bìní pẹ̀lú fi ń pe aṣọ pupa. Èkejì, wọ́n pè é ní àlàárì. Àwọn ọmọ wa ti kà á láìmọye ìgbà. Bí a bá sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni àlàárì, ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ Bíbélì ni. Àwọn olùtumọ̀ kò rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ ohun tí ó wà lọ́jà ni wọ́n mú, ohun tí ẹni tí ó gbọ́ yóò rí lójú ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther tí ó ṣe olórí wọn jẹ́ ọmọ Òṣogùn, ọmọ ahunṣọ sì ni. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú wọ ìlú náà tí wọ́n sì kó o lọ, nínú rògbòdìyàn tí ó gbé Ìlọrin ga. Ọmọ tí ó dàgbà lẹ́bàá òfì kò nílò ìwé atúmọ̀ èdè láti mọ aṣọ tí ó pọ́n jù.

Ohun mìíràn wà nínú ẹsẹ náà tí a kò lè rí nínú Bíbélì Yorùbá, àyàfi kí a padà sí èdè Hébérù. Tola ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, kòkòrò sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú Sáàmù kejìlélógún, níbi tí onísáàmù ti pe ara rẹ̀ ní kòkòrò, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ tí ó yí Òkun Àárín ká, kòkòrò kan wà tí ó lẹ̀ mọ́ igi óákù, tí a ń ṣà, tí a ń sá, tí a sì ń fi pa aṣọ láró pupa, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Mẹ́síkò ti ń ṣe sí tiwọn. Wòlíì pe àwọ̀ náà ní orúkọ kòkòrò tí ó ti wá. Àwọn olùtumọ̀ wa pè é ní orúkọ ṣẹ́dà tí a pa láró. Ọmọ mìíràn ni kòkòrò Mẹ́síkò, ọmọ mìíràn ni ti igi óákù, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n, nígbà tí ti Mẹ́síkò sì dé Yúróòpù, ó lé ti óákù kúrò lọ́jà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà èédú náà ti wá lé e kúrò lẹ́yìn náà.

Ní Ìlọrin lónìí, a kò gbọ́ ìró òòlù kékeré lára òkúta pupa mọ́. Òfì ṣì ń ró. Òwú tí ó wà lórí rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wá, a dì í mọ́ ìdì bébà, ìmọ́lẹ̀ sì wà lára òmíràn bí irin tí a dán. Bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìyàwó bá wọlé, tí ó sì béèrè èyí tí ó pọ́n, tí kò jọ tòmátì, tí kò sì jọ èlùbọ́ iṣu, tí ó dàbí ẹ̀jẹ̀ tí a fi àlùkò lé díẹ̀, ahunṣọ kì yóò béèrè ìbéèrè kejì. Yóò na ọwọ́ sí ìdì kan láàrin àwọn ìyókù, yóò gbé e síwájú rẹ̀, yóò sì pè é ní àlàárì.